Ahéré olówó pọ́ọ́kú: bí mo ṣe wá ṣẹ́ẹ̀dì sórí plọ́ọ̀tì mi ní London

Ìparí oṣù kejì

Wọ́n pè mí níkẹyìn. Ọdún mẹ́rin lorúkọ mi fi wà lórí ìwé àwọn tó ń retí ilẹ̀, mo tiẹ̀ ti gbàgbé, àfi bí ímeèlì ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan pé plọ́ọ̀tì kan (ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ń yá èèyàn láti fi dáko) ti ṣí sílẹ̀ ní South-East London níbí, ṣé mo ṣì fẹ́. Ta ló máa kọ ilẹ̀? Ààbọ̀ plọ́ọ̀tì ni o. Odindi ni wọ́n ń pè ní rod 10 (rod jẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀ àtijọ́ àwọn òyìnbó), ó tó bíi sìkúẹ́à mítà 250, èmi gba rod 5. Fún ẹni tó dàgbà sí Ìkirè, tí bàbá ẹ̀ máa ń rìn fún wákàtí kan gbáko kó tó dé oko kòkó, ọgbà ẹ̀yìnkùlé lèyí, ṣùgbọ́n ní London, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n pè é lóko.

Ẹni tó lò ó kẹ́yìn fi ẹ̀gún àti ìgò òfìfo sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú ògbólógbòó ṣẹ́ẹ̀dì kan, ìyẹn ahéré tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, tó ti dojú bolẹ̀ ní igun. Páànù aláwọ̀ eérú mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀, ó nípọn, ó gan bí àwo tánganran. Mo ti gbé òòlù sókè kí n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí n lè rí i kó sínú báàgì, ni Bàbá Jàmáíkà tó ni plọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ mi bá lọgun. Àṣé asbestos ni! Ọdún 1999 ni wọ́n ti fòfin dè é pátápátá nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti fi kọ́lé tẹ́lẹ̀ ò tíì kúrò nílẹ̀. Bí èèyàn ò bá gé e, tí kò fọ́ ọ, ó lè jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, ìgbà tó bá di eruku téèyàn fà á símú lọ̀rọ̀ di ti ẹ̀dọ̀fóró. Mo sọ òòlù sílẹ̀, mo kọ̀wé sí sẹ́kítírì sáìtì wa (ibi tí gbogbo plọ́ọ̀tì wa wà), àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wá gbé e lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gba plọ́ọ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wo orí ṣẹ́ẹ̀dì tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta

Mo ka ìwé àdéhùn tí wọ́n fún mi kí n tó ná kọ́bọ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ní sáìtì tiwa, ṣẹ́ẹ̀dì ò gbọdọ̀ ju fíìtì 6 sí 4 lọ, kò gbọdọ̀ ga ju mítà 2, kò gbọdọ̀ sí gíláàsì lójú fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ da kọnkéré sílẹ̀ torí ilẹ̀ kì í ṣe tiwa, ọjọ́ téèyàn bá lọ, iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bá níbẹ̀. Ó tún ku kéèyàn kọ̀wé gba àyè. Sáìtì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀ o, àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Birmingham, wọ́n gbà fún un kó gbé 8 sí 6, èmi ń jowú ẹ̀ títí dòní.

Ìyàwó mi ní £200 lòun lè gbà kó jáde, kò sí kọ́bọ̀ lé e. Mo ní kò sí wàhálà. (Wàhálà wà.)

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wo ṣẹ́ẹ̀dì lórí fóònù lóru bí ẹni tó ń wá aya. Èyí tó dínwó jù nínú àwọn tuntun onípákó tí mo rí, £219 ni, wọ́n ń pè é ní overlap, pákó kan máa ń gorí ìkejì bí ìpẹ́ ẹja. Lórí fọ́tò ó rẹwà gan-an. Mo wá wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n gbé irú ẹ̀ síta, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri ẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó wọlé, ó tún padà jáde, bí ikùn ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Pákó ẹ̀ ò ju mìlímítà 6 tàbí 7 lọ. Orí èyí tí pákó ẹ̀ máa ń kọ́ ara wọn lẹ́nu, tí wọ́n ń pè ní tongue and groove, lo ti máa rí mìlímítà 11 tàbí 12, owó ẹ̀ sì ti di £370. Ti páànù wà ní £190. Mo fẹ́ràn páànù, páànù ló bo orí wa dàgbà, àmọ́ páànù ilẹ̀ òtútù máa ń làágùn, bí ilẹ̀ bá mọ́, omi á máa kán tó tó látinú ẹ̀ sórí gbogbo nǹkan tó o kó pa mọ́, àti pé ó fúyẹ́ débi pé ó ní láti ní bóòtù tó máa dè é mọ́ kọnkéré kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, kọnkéré yẹn náà ni wọ́n sì ní a ò gbọdọ̀ dà. Ti rọ́bà ò lè jẹrà láéláé ṣùgbọ́n ó lé ní £400, mi ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan tí wọn kì í pariwo ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oògùn tí wọ́n fi pa pákó. Àwọn tó dínwó, wọ́n kàn rì wọ́n bọ inú ẹ̀ ni, kó lè ní àwọ̀, gàráńtì tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì sọ pé ìwọ fúnra ẹ á máa kùn ún lọ́dọọdún, bí o ò bá kùn ún, gàráńtì ti wọgbó nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ń pè ní pressure treated, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ti oògùn wọnú igi lọ, ìyẹn yàtọ̀. Nítorí náà £219 yẹn kì í ṣe £219 o. Fi owó tí wọ́n fi máa gbé e wá kún un, owó oògùn, owó ohun tí yóò jókòó lé, ó ti sún mọ́ £300.

Sátidé tó tẹ̀ lé e

Bàbá Jàmáíkà ti lo ọdún mọ́kànlélógún lórí sáìtì yìí, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, mi ò lè pe irú wọn lórúkọ bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe, Dáàdì ni mò ń pè wọ́n, ó sì máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ ra tuntun olówó pọ́ọ́kú. Wọn ò dáhùn, wọ́n kàn ní n máa bọ̀. Wọ́n mú mi yí gbogbo sáìtì ká, ṣẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí n máa fi bàtà gbá ìsàlẹ̀ wọn jẹ́jẹ́. Ṣé ẹ rí i, kò sí ọ̀kan tó kú látorí. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń kú bọ̀. Òrùlé dáa, ògiri dáa, àmọ́ ìdí ti rà, igi tó gbé ilẹ̀ ẹ̀ ti di bí èérí ọkà torí pé orí iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n gbé e lé ní tààrà.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. Nílé, bí a bá fẹ́ kọ́ nǹkan onígi, ikán ni káfíńtà máa kọ́kọ́ dárúkọ. London níbí, ikán ò sí, omi ni ikán wọn. Ilẹ̀ máa ń tutù látoṣù kẹwàá di oṣù kẹrin, igi tó bá fara kan ilẹ̀ á máa mumi bí owú àtùpà. Ibi tí mo ti pa ìpinnu dà nìyẹn, pé mo máa ra àlòkù tí pákó ẹ̀ nípọn, kí n wá fi owó tó bá ṣẹ́kù tún ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe.

Àárín oṣù kẹta

Àkọ́kọ́ tí mo lọ wò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é, "wá tú u fúnra ẹ". Mo dé ibẹ̀, mo fi ìka tẹ pákó ìsàlẹ̀, ìka wọlé bí ìgbà téèyàn tẹ mọ́ínmọ́ín. Mo dúpẹ́, mo wá sílé. Ìkejì dáa gan-an, bàbá tó ni ín ní 6 sí 4 ni, mo fa tépù jáde, 7 sí 5 ló bọ́ sí. Ẹ má lọ síbi kankan láìmú tépù dání o, àwọn èèyàn ò mọ ìwọ̀n nǹkan tó wà ní ọgbà tiwọn. Ẹ̀kẹta, mo ń wakọ̀ lọ lọ́wọ́ ni ẹni náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun ti tà á.

Ẹ̀kẹrin ló já sí i. Ní ìhà Sidcup, ìyá òyìnbó arúgbó kan, ọkọ ẹ̀ ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, ọkọ ti kú, ilé ti fẹ́ di títà. Tongue and groove gidi, 6 sí 4, òrùlé ẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó dà sí apá kan ṣoṣo, irú ẹ̀ gan-an ni mo ń wá torí gọ́tà kan ṣoṣo ni yóò gbà, kò sì ní ga kọjá òfin. Mo mú skúrùdíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ dání, ohun tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn, mo ń gún igi lábẹ́, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Níbi tó bá ti le, kò ní wọlé. Igi ilẹ̀ kan lẹ́yìn ti rà, pẹ̀lú pákó ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn. Àwọn tó kù le koko.

£80 ni ìyá pè é. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ò jẹ́ n dákẹ́, mo fi ibi tó rà hàn wọ́n, mo ní ìyá, ẹ jẹ́ n san £45. Wọ́n wò mí, wọ́n ní £50, àmọ́ kí n gbá ibẹ̀ mọ́ tí mo bá tú u tán, kí n sì mú fọ́ọ̀kì ọkọ àwọn lọ, àwọn ò fẹ́ kó lọ sí ààtàn. Fọ́ọ̀kì ọlọ́wọ́ igi, irin ẹ̀ ń dán. Mi ò lè ná mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọjọ́ tá a tú u

Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọkọ̀ akẹ́rù (van), mo ra epo £20 sí i fún wọn, ìyàwó mi sì se ìrẹsì. Láàárọ̀, kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀, mo ya fọ́tò gbogbo igun, lóde nínú, mo wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri kọ̀ọ̀kan, ọfà tó ń tọ́ka sókè, gbogbo ẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Òrùlé la kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn, ká tó tú ògiri ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn skúrù ti dípẹtà, orí wọn ti jẹ, a fi epo sí wọn lára, a lọ jẹun, ìgbà tá a padà dé, ìdajì wọn gbà. Ìdajì tó kù, ayùn onírin ló gé wọn.

A kó o sórí plọ́ọ̀tì nírọ̀lẹ́, mo fi tapólì bò ó, atẹ́gùn ṣí tapólì lóru, òjò rọ̀, ó sì fọ ṣọ́ọ̀kì mi kúrò pátápátá bí ìgbà tí tíṣà pa bọ́ọ̀dù rẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ fọ́tò. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ lo mákà, tàbí kẹ́ ẹ fi teepu kọ ọ́ mọ́ inú.

Oṣù kẹrin, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: ìdí ẹ̀

Apá àríwá plọ́ọ̀tì ni mo fi í sí. Ẹni tó ń bọ̀ láti ilé lè má ronú sí i, torí nílé, àtàrí wa ni oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án, òjìji ò jìnnà sídìí nǹkan. Níbí, apá gúúsù ló ti máa ń yọjú wo èèyàn, bó o bá fi ṣẹ́ẹ̀dì sí gúúsù, òjìji ẹ̀ ló máa jẹ gbogbo ewébẹ̀ ẹ. Ilẹ̀kùn náà, mo yí i kúrò ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn torí apá ibẹ̀ ni atẹ́gùn àti òjò ti ń wá jù.

Síláàbù (òkúta pẹlẹbẹ) mẹ́sàn-án ni mo rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tún ọgbà ẹ̀ ṣe, olójú 45 sẹ̀ǹtímítà. Mi ò tẹ́ gbogbo ilẹ̀, ìlà mẹ́ta ni mo tò ó, mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ha koríko kúrò, mo walẹ̀ díẹ̀ títí tí mo fi kan ibi tó le, mo da yanrìn báàgì mẹ́ta sí i, £12. Ọkọ́ ọlọ́wọ́ kúkúrú tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti ilé ni mo fi ha á, àwọn òyìnbó sáìtì wa ń wò mí bí mo ṣe tẹ̀ kọdọrọ, ọ̀kan bi mí bóyá ẹ̀yìn kì í ro mí. Ó ń ro mí jàre.

Ibi yìí ló gba àkókò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, odindi ọjọ́ méjì lórí síláàbù mẹ́sàn-án. Mo gbé pákó gígùn kan lé wọn lórí, mo gbé spirit level, irinṣẹ́ tó ń fi hàn bóyá nǹkan tẹ́jú, lé pákó, mo gbé síláàbù kan sókè, mo fi yanrìn ìkúnwọ́ kan sí i, mo tún wò ó, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tún ti ga jù. Inú bí mi débi pé mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dáàdì, wọ́n fún mi ní tíì, wọn ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ìdí ò bá gún, ilẹ̀kùn ò ní pa dé láéláé, mo ti rí tàwọn ẹlòmíràn tí wọ́n fi okùn so.

Orí síláàbù ni mo wá tẹ́ igi mẹ́ta sí, 75 sí 47 mìlímítà, pressure treated, mítà 2.4 ni wọ́n ń tà á, £8 ìkọ̀ọ̀kan. Mo gé wọn sí mítà 1.8, àgékù wọn ló di ẹsẹ̀ pẹpẹ nínú. Àwọn igi yìí ní láti dábùú èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ pákó, kí wọ́n má dojú kọ ibì kan náà, kí atẹ́gùn sì máa gba abẹ́ kọjá. Láàárín síláàbù àti igi, mo fi àjákù felt (ohun dúdú olódà tí wọ́n fi ń bo òrùlé) sí i, kí igi má baà máa mu omi inú òkúta. Ṣé ẹ ti rí i, ikán wa yẹn, a ti dínà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ní kí n lo pálẹ́ẹ̀tì, pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, ọ̀fẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ èyí tí wọ́n tẹ HT sí lára, iná ni wọ́n fi yan án, ìyẹn dáa, èyí tó bá ní MB, gáàsì olóró ni wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀, kò yẹ kó wọ oko oúnjẹ. Àti pé pálẹ́ẹ̀tì lórí iyẹ̀pẹ̀, ọdún mélòó ló fẹ́ lò?

Ìparí oṣù kẹrin: ó dìde

Mo pààrọ̀ igi tó rà pẹ̀lú pákó ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, £18. A gbé ògiri dúró, èmi, Ẹ̀gbọ́n, àti ọmọ mi ọkùnrin tó ń di ògiri mú tó sì ń tẹ fóònù. Ká tó dè é pa, mo wọn ún láti igun dé igun ní ìdábùú, lọ́tùn-ún lósì. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ṣẹ́ẹ̀dì ti wọ́. Àpótí mítà 1.8 sí 1.2, ó yẹ kó fún mi ní 216 sẹ̀ǹtímítà, 219 ni mo rí níbì kan, 213 níbì kejì. Ẹ̀gbọ́n fi èjìká tì í lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sí 216. Skúrù tuntun la lò, a ò kan ìṣó, torí ọjọ́ iwájú, ẹnì kan á tún tú u.

Felt báàlì mítà 10, £22, ìṣó olórí gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀ £4. Ẹ dúró di ọjọ́ tí oòrùn bá mú díẹ̀, ẹ tú felt sílẹ̀ kó rọ̀, bó bá tutù, ó máa ń sán lójú ibi tẹ́ ẹ bá ti ká a. Ìsàlẹ̀ òrùlé la ti ń bẹ̀rẹ̀, ká wá jẹ́ kí tòkè gun orí ẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 10, bí wọ́n ṣe ń to páànù náà ni. Abala méjì ti mítà 2.1 ló gbà, mo fi èyí tó ṣẹ́kù fún Dáàdì.

Oògùn igi lítà 5, £14. Ojú fèrèsé, rọ́bà tó ń dán gbinrin, £9. Skúrù, ìkọ́ ilẹ̀kùn àti ibi àgádágodo, £15. Ẹ ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú £50 ìyá yẹn, epo, yanrìn àti igi, £188 ni. Mo ti ń yangàn fún ìyàwó mi, kí n tó rántí gọ́tà. £17. Ó di £205. Kò tíì dárí £5 yẹn jì mí, gbogbo ìgbà tí mo bá ní n fẹ́ ra nǹkan ló máa ń bi mí bóyá iye tí mo sọ yẹn, gọ́tà wà nínú ẹ̀.

Gọ́tà yẹn sì ni mo gbádùn jù. Òrùlé mi fẹ̀ tó sìkúẹ́à mítà 2.5. Òjò mìlímítà 1 lórí sìkúẹ́à mítà 1, lítà 1 gééré ni, nítorí náà òjò mìlímítà 10 á fún mi ní lítà 25 nínú dúrọ́ọ̀mù búlúù tí mo gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún, òjò London ò ju bíi mìlímítà 600 lọ, ẹ ṣe ìsirò ẹ̀. Kò tó tẹ̀tẹ̀ mi mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ó dín ìrìn mi sí ẹ̀rọ omi kù.

Àgádágodo, kékeré ni mo fi sí i. Dáàdì ní tó bá tóbi, olè á rò pé wúrà ló wà níbẹ̀, á sì fọ́ ògiri wọlé, ilẹ̀kùn ò sì ní bàjẹ́. Ohun tó bá wọ́n, ilé ni mò ń gbé e lọ. Inú ẹ̀ báyìí, ọkọ́, fọ́ọ̀kì ọkọ ìyá yẹn, ìkòkò rọ́bà, àga méjì, àti redíò tí kì í mú ohunkóhun mọ́ ju ariwo lásán lọ.

Oṣù kẹwàá

Òjò ọjọ́ mẹ́ta léra. Mo sáré lọ wò ó lẹ́yìn ibiṣẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo wo abẹ́ ẹ̀: igi mẹ́ta yẹn gbẹ táútáú. Orí síláàbù tutù, igi gbẹ. Ṣùgbọ́n fèrèsé ń jò ní igun òsì, omi ti rin sórí báàgì àlùbọ́sà tí mo fẹ́ gbìn. Sílíkóònù ni yóò gbà, £5 tàbí £6. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi.